Ẹ Ka Ìlù Ọkàn Wọn, Kí Ẹ sì Bi Wọ́n Bí Wọ́n Ṣe Sùn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbébọn pa ṣọ́jà 54 ní àríwá Benin. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọ ara wọn ní Dassa-Zoumé, ẹ̀mí tó lé ní ogún sì bá a lọ. A ka òkú, a sì ṣọ̀fọ̀. Àwọn tó yọ ńkọ́? Nígbà tí egbò ara wọn jinná, a ní kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n sì máa bá ayé wọn lọ.

Bassila àti Manigri ní ẹkùn Donga jìnnà sí ojú ogun, ṣùgbọ́n títì tó ti Savalou lọ sí Djougou gba agbègbè wa kọjá. Ẹni tí ọkọ̀ gbá lè máa gbọ̀n nígbàkigbà tí fèrè ọkọ̀ bá dún. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àmọ́ bí ìpayà náà bá lé ní oṣù kan, tí àlá burúkú kò jẹ́ kí èèyàn sùn, tí iṣẹ́ àti ilé sì ń dàrú, àìsàn nìyẹn. Kì í ṣe ìwà ojo, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé.

Ọkàn máa ń tètè sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ní ọdún 1871, dókítà Da Costa ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ṣọ́jà ogun abẹ́lé wọn tí àyà wọn ń lù kìkì láìsí àrùn ọkàn tó hàn. Ní ọdún 1998, Arieh Shalev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ròyìn èèyàn 86 tí àjálù gbé dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àìsàn ìpayà yìí ti mú ogún nínú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ọkàn àwọn ogún náà ń lù ní nǹkan bí ìgbà 95 ní ìṣẹ́jú kan, ti àwọn yòókù sì jẹ́ nǹkan bí 83. Ní ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí NightWare, ètò kan tó ń fi aago ọwọ́ ṣọ́ ìlù ọkàn ẹni tó sùn. Bí àlá burúkú bá bẹ̀rẹ̀, aago náà á gbọ̀n díẹ̀ láti dá àlá ọ̀hún dúró.

Ìlù ọkàn nìkan kò tó láti dájọ́. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìrora máa ń mú kí ọkàn sáré, àwọn ìwádìí mìíràn kò sì bá ti Jerúsálẹ́mù mu. Ohun tó wúlò fún ni pé ó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìdí láti béèrè ọ̀rọ̀.

A kò nílò aago olówó iyebíye. Ìka méjì lórí ọrùn ọwọ́ àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Mo ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Bassila àti Manigri: ẹ ka ìlù ọkàn ẹni tí jàǹbá tàbí ìwà ipá bá gbé wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ tún un kà, kí ẹ sì bi í pé: Ṣé o ń sùn? Kí lò ń rí lójú àlá? Ibo lò ń sá fún? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá kọni lóminú, ẹ fi í ránṣẹ́ sí onímọ̀ àrùn ọpọlọ.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi oògùn oorun inú ọjà tu ẹni tó yọ nínú àjálù. Láti ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún àgbàlagbà ní irú oògùn amárabalẹ̀ bíi Valium nítorí ìpayà láàárín oṣù kìíní lẹ́yìn àjálù. Ìtọ́jú tó dára jù ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Kí ìjọba kọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó kéré tán, ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní Donga ní iṣẹ́ yìí. Ẹni tó yọ nínú ikú kò gbọdọ̀ dá ìpayà rẹ̀ gbé.