ÌGBẸ́ ẸRAN LẸ́NU KÀNGA WA: TA NI YÓÒ JÍHÌN?

Ẹ̀yin olùdìbò, ẹ̀yin ará Òkè Bọ́lá, Òkè-Àdó àti Mọ́lété, ẹ̀yin ará Ọjàaba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ wà ní abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ìdó àti Olúyọ̀lé: Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ afárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ títì ọlọ́dà. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbẹ́ tí ẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín yìí lè wà nínú omi tí ẹ pọn láàárọ̀.

Òkè Bọ́lá ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ń gbé. Lẹ́yìn ilé wa, bàbá kan ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin. N kò bá a jà, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe, èmi náà sì ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ibòmíràn kó ìgbẹ́ adìyẹ sí ju ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ògiri náà dé kànga tí ilé mẹ́rin ń pọn, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, omi kànga á pọ́n bí omi àgbo. Mo gba ọ́fíìsì kan lọ láti fi tó wọn létí. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Ó ní ó ku owó epo mọ́tò tí wọn yóò fi wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ti kọjá lórí rẹ̀, a ò tíì rí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn agbowó kì í pa ọdún kan jẹ lọ́dọ̀ aládìyẹ náà. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwa ń sọ ọ́ fún ará ilé wa. Ta ni yóò sọ ọ́ fún ìjọba?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Adìyẹ ẹlẹ́yin 1,000 ń yàgbẹ́ tútù tó nǹkan bíi kílò 100 lóòjọ́. Àpò sìmẹ́ńtì méjì nìyẹn, lójoojúmọ́. Màlúù kan ṣoṣo lè yà tó kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Gọ́tà ni. Láti gọ́tà, odò ni. Àwa ará Ìbàdàn sì mọ ohun tí gọ́tà dídí lè ṣe. Ta ni yóò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ní August 31, 1980? Ta ni yóò gbàgbé August 26, 2011, nígbà tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bá omi lọ? A ò sọ pé ìgbẹ́ ẹran ló fa àgbàrá. Ohun tí a ń sọ ni pé gbogbo ìdọ̀tí tó bá ń di ojú omi, òun kan náà ni àgbàrá ń kó wọ yàrá wa.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí òfin. Àwọn kan á sọ fún yín pé Gómìnà ni kí ẹ bi, àwọn mìíràn á ní Àbújá ni. Irọ́ ni. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, kọ ọ́ ní kedere: dídá ilé ìpẹran sílẹ̀, títọ́jú rẹ̀ àti ṣíṣe òfin fún un, iṣẹ́ kánsù ni. Kíkó ìdọ̀tí dànù, iṣẹ́ kánsù ni. Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá a pé kí owó kánsù máa lọ sọ́wọ́ kánsù tààrà. Ní April 27, 2024, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ wa nígbà náà kó gbogbo kánsù 33 sápò. Wọ́n gba ipò, òfin fún wọn níṣẹ́, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gba owó. Kí ló tún kù? Iṣẹ́ ló kù!

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ nínú ẹjọ́ yìí. Ní 2019 wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má da ẹran jẹko káàkiri mọ́. A fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹran tó bá dúró sójú kan, ojú kan náà ni ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dúró sí. Nígbà tí màlúù ń rìn, ó ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ jílẹ̀ kiri oko. Bí ẹ bá ti 200 mọ́nú ọgbà kan, kílò 2,000 lóòjọ́ nìyẹn létí omi abúlé kan. Ta ló yan ibi tí ọgbà náà yóò wà? Ta ló wọn bó ṣe jìnnà sí odò?

Ẹ rántí Bódìjà. Ní June 2018, wọ́n fẹ́ kó àwọn alápatà kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìpẹran Amósùn ní Akínyẹlé. Ilé ìpẹran tó mọ́ dára, àwa kò takò ó. Ṣùgbọ́n ìbọn ló fọhùn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń tún ìlú ṣe? Ẹni tí kò bá ará ọjà jókòó sọ̀rọ̀, tó jẹ́ sọ́jà àti ọlọ́pàá ló ń rán, kì í ṣe olórí, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ni.

Kì í ṣe pé a ò mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ní 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin dé e pé ìgbẹ́ ẹran tí àgbẹ̀ yóò dà sórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ní ju kílò 170 èròjà náítírójìn lọ, kó má bàa ba omi inú ilẹ̀ jẹ́. Nílé níbí, ètò Cows to Kilowatts, tí wọ́n fẹ́ fi ìdọ̀tí ilé ìpẹran Bódìjà ṣe gáàsì ìdáná, gba ẹ̀bùn Seed Award ní 2005. Yunifásítì Ìbàdàn ń bẹ, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń bẹ ní Moor Plantation. Ọgbọ́n wà nílé, etí ìjọba ló di.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò ṣe rèé:

Èkínní, a óò dá wolé-wolé padà sí gbogbo wọ́ọ̀dù, kì í ṣe láti gba rìbá, bí kò ṣe láti yẹ kànga, gọ́tà àti ilé ẹran wò.

Èkejì, kò ní sí ilé ẹran tuntun tàbí òkìtì ìgbẹ́ tí kò jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 100 sí kànga àti odò.

Ẹ̀kẹta, kánsù yóò ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, yóò kọ́ àtíbàbà sí i, níbi tí a óò ti máa kó ìgbẹ́ jọ, tí a óò bò ó, tí a óò máa yí i títí yóò fi jẹrà di ajílẹ̀ fún alágbàdo àti ẹlẹ́fọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó ti ń sin ẹran tẹ́lẹ̀ yóò ní àkókò àti ìrànlọ́wọ́ láti kó kúrò. A kò ní fi katakata wó ilé ẹnikẹ́ni lóru.

Wọn yóò wá sọ fún yín pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu aládìyẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè: aládìyẹ tó ń da ìgbẹ́ nù lónìí, tó ń rí i tà lọ́la, ṣé a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni, àbí a bù kún un?

Ẹ̀yin ará wa, bí wọ́n bá gbé ìrẹsì àti ṣẹ̀ǹgẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yín lọ́jọ́ ìbò, ẹ mú wọn lọ sídìí kànga. Ẹ bu omi ibẹ̀ kún ife. Ẹ ní kí wọ́n mu ún níṣojú yín. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe nínú àgọ́ ìdìbò.

Omi mímọ́ fún gbogbo ilé! Ajílẹ̀ fún gbogbo oko!