Wọ́n Fi Ètè Sílẹ̀, Wọ́n Ń Pa Làpálàpá: Èdè Abínibí Kọ́ Ló Ń Já Ọmọ Girama Kulẹ̀ Nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Àbújá, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022. Láti ìgbà náà lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ máa fi kọ́ ọmọ, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí mínísítà fi síwájú ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni ìjákulẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ náà yẹ fún àkíyèsí: àpérò lórí èdè àti ẹ̀kọ́ tí British Council ṣagbátẹrù rẹ̀ ni.

Àìsàn wà lóòótọ́. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan kí ó yé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí náà ni ó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, ìwé sáyẹ́ǹsì, ìwé ìṣirò àti ìwé ètò ìjọba ti ń dúró dè wọ́n, gbogbo rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò lè ka ojú ìwé kan jáde yóò máa da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ bí ẹni ń ya àwòrán. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, WAEC yóò ní kí ó kọ àròkọ, kí ó dáhùn ìbéèrè lórí àyọkà kan, kí ó sì fi gbólóhùn díẹ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀ sọ kókó inú àyọkà mìíràn. Ẹni tí kò kọ́ ju dídàkọ lọ, dídàkọ náà ni yóò ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni dídàkọ ọ̀hún ni wọn yóò tìtorí rẹ̀ gé máàkì rẹ̀.

Nítorí náà, àríyànjiyàn kò sí lórí àìsàn. Oògùn tí wọ́n yàn ni kò bá a mu. Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹ̀bi ru èdè abínibí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ka ọdún lórí ìka. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá girama ní 2025, tí kò pàdánù ọdún kankan, wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2013, ó sì ti jáde níbẹ̀ ní 2019. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n fagi lé yìí, nígbà tí Mallam Adamu Adamu jẹ́ mínísítà. Mínísítà ìgbà náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó dìgbà tí ìwé ìkọ́ni àti olùkọ́ tó yẹ bá wà kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ ní kíkún. Báwo ni ìlànà tí ọmọ kò bá pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe wá di ohun tí ó já a kulẹ̀ ní girama?

Àwọn alátìlẹyìn mínísítà yóò dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé láti 1977 ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ àwọn ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni; inú ìwé ni ìlànà ọ̀hún sì sùn sí. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mélòó ló tẹ̀ lé e? Ṣebí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ “fanákúlà” ló kún ìlú ńláńlá. Ìpínlẹ̀ mélòó ló tẹ ìwé kíkà ní èdè Tiv, Núpé, Ìbíbíò tàbí Kànúrí, tí ó sì mú un dé ọwọ́ gbogbo ọmọ? Agbègbè tí èsì ìdánwò ti burú jù sábà máa ń jẹ́ agbègbè tí òṣì, àìtó olùkọ́ àti ìbẹ̀rù ajínigbé ti pọ̀ jù. Ta ló yọ gbogbo ìyẹn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dájọ́ fún èdè? Wọ́n pa ìlànà tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá padà sọ pé òun ló kùnà.

Kíkọ́ ọmọ láti kàwé àti kíkọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbé méjèèjì ka orí ọmọ ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ti di ẹrù tó ju orí rẹ̀ lọ. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti inú ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Ọmọ tí ó bá ti mọ “b” àti “a” ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka “bàbá”, ó sì ti mọ ẹni tí bàbá jẹ́ kí ó tó dé kíláàsì. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà 26 ló ń ru ìró bíi 44. Ọ̀rọ̀ bíi though, through àti cough sì jọ ara wọn lójú láìjọ ara wọn létí. Àdììtú yìí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ pàdé, ní èdè tí ìyá rẹ̀ kì í sọ nílé. Bí ó bá ti mọ ìwé kà ní èdè tí ó gbọ́, kò tún ní kọ́ ìwé kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá dé. Ọ̀rọ̀ tuntun àti ìró tuntun ló kù fún un. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló pèsè ẹ̀rí èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kàwé títí dé òpin kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, èdè abínibí kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà. Èkejì, olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àṣẹ láti Àbújá.

Orílẹ̀-èdè Gánà wà nítòsí fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò. Ní oṣù kẹwàá 2025, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìkéde Àbújá, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn, Haruna Iddrisu, pàṣẹ pé èdè abínibí ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré. WAEC kan náà ló ń dán ọmọ Gánà àti ọmọ Nàìjíríà wò.

Níbo wá ni ètè náà wà? Ara olùkọ́ ni kí á ti kọ́kọ́ wá a. Ní 2017, gómìnà Kàdúná nígbà náà, Nasir El-Rufai, kéde pé nínú nǹkan bí 33,000 olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 21,780 ni kò gba máàkì 75 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò tí wọ́n ní kò kọjá ti ọmọ kíláàsì kẹrin. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ bá ìjọba náà fà á, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀: bí olùkọ́ kò bá lè kọ lẹ́tà kan ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣì í kọ, kí ni ọmọ yóò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní ohun gbogbo? Gẹ̀ẹ́sì tó wó ni yóò kọ́, ìṣirò náà kò sì ní yé e.

Owó náà ńkọ́? UNESCO ti dá a lámọ̀ràn pé kí orílẹ̀-èdè ya ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ti ìjọba àpapọ̀ kì í sábà tó ìdá mẹ́wàá. Owó ìrànwọ́ UBE tí ó yẹ kí ìpínlẹ̀ gbà, tí wọ́n bá ti mú ìdajì tiwọn wá, ọ̀pọ̀ gómìnà ló ń fi sílẹ̀ láìgbà. Ní girama, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń dojú kọ àádọ́rin tàbí ọgọ́rin ọmọ. Bí ó bá gba àròkọ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ìgbà wo ni yóò kà á tán? Nítorí náà kì í gbà á. Ọmọ yóò wá pa ọdún mẹ́fà láìsí ẹni tí ó fi bírò pupa fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án.

Àjọ tó ń dánwò pàápàá ti jẹ̀bi tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, ìdánwò àròkọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ débi pé ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì ni àwọn kan fi kọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ, WAEC ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú bí àwọn ṣe máàkì, iye náà sì di ìdá 62.96.

Ẹ wo ìwé òfin orílẹ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ọmọ òtòṣì tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ilẹ̀kùn yunifásítì. Ṣùgbọ́n abala 318 ti ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ di ààrẹ: bí ó bá ní ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì ti lọ sí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ó tó pé kí ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì sọ ọ́ dé ibi tí yóò tẹ́ INEC lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin mọ bí a ṣe ń ṣàánú ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ara wọn ni wọ́n fi àánú ọ̀hún mọ sí.

Àwọn òbí tí wọ́n fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ wọn kò ṣìnà. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé ẹjọ́, ti ọ́fíìsì àti ti iṣẹ́ olówó. Ọmọ àgbẹ̀ ní Bẹ́núé àti ọmọ oníṣòwò ní Oníṣà nílò rẹ̀ ju ọmọ mínísítà lọ. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ní Àbújá tàbí Èkó, ọmọ inú kíláàsì kan lè máa sọ èdè mẹ́wàá. Nítorí irú èyí ni ìlànà àtijọ́ fi dárúkọ èdè àdúgbò. Ìṣòro ìlú ńlá kò tó ìdí láti gba èdè Haúsá lẹ́nu olùkọ́ ní abúlé Kàtsínà tí kò sí ẹni tí ń sọ òmíràn.

Ohun tó yẹ kò ṣòroó kà. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìwé kà ní èdè tí ó gbọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ gidi láti ọdún kìn-ín-ní lọ́wọ́ olùkọ́ tó gbọ́ ọ. Kí girama dán gbogbo ọmọ tuntun wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ní ìwé kíkà kí wọ́n tó da ìwé iṣẹ́ mẹ́wàá bò ó. Kí ọmọ máa kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ilé ìkàwé ní ìwé ìtàn tí ọmọ lè gbé lọ sílé.

Ní Àkúrẹ́, nínú ìpàdé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́, ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìfagilé yìí, àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo sì jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Àwọn kan náà lè yí i padà. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí gbogbo aráàlú máa bi kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀ wọn léèrè pé: nígbà tí ẹ gba èdè tí ọmọ gbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, olùkọ́ wo, ìwé wo ni ẹ fi dípò rẹ̀?