"Yes" Tí Kì í Ṣe "Bẹ́ẹ̀ Ni"

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ooru o. Ẹ̀yin ará Mirdif, ẹ tún kú ariwo bàálù.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ wa kan sunkún délé. Tíṣà bi í pé, "Didn't you bring your book?" Ó ní, "Yes." Tíṣà ní kó mú un wá. Kò síwèé. Ni wọ́n bá kọ̀wé sílé pé ọmọ yìí ń parọ́.

Kò parọ́ o! Yorùbá ló fi dáhùn Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá bi ẹ́ pé, "Ṣé o ò mú ìwé wá ni?", "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ túmọ̀ sí pé òótọ́ lẹni náà sọ, o ò mú un wá. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí ìwé ò bá ti sí, "No" ni, bó ti wù kí wọ́n gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Àwa àgbà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ṣé a kì í ṣe é níbi iṣẹ́?

Ọ̀wọ̀ náà ń kó bá wa. Ọmọ á ní, "My mummy said they are coming," tíṣà á sì máa retí èèyàn méjì. Ẹ̀yin ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì ò ní "wọ́n" ọlọ́wọ̀. Ẹ pe Mọ́mì ní "she", kì í ṣe ìwà àfojúdi. Òórùn ọbẹ̀ náà, imú ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbọ́ ọ. Ẹ má sọ pé ẹ "hear" òórùn mọ́.

Kì í ṣàwa nìkan. Lédè Jámánì, "bekommen" ni kí nǹkan tẹ èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ ó jọ "become". Òmíràn nínú wọn á wá ní òun fẹ́ "become" búrẹ́dì, bí ẹni tó fẹ́ di búrẹ́dì! "Informations" sì rèé, àwa àtàwọn la jọ jẹ̀bi ẹ̀. Tiwa tún yani lẹ́nu: a óò sọ pé "three book" láìfi s sí i, ká wá lọ lẹ s mọ́ èyí tí kò fẹ́.

A lọ bá tíṣà yẹn, a ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. "Where is your book?" ló ń bi í báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ, lálẹ́ òní, ẹ bi Dádì pé, "Haven't you eaten?" Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.