Bẹ́rìn Onígi Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí àgbẹ̀ fi ń yín àgbàdo kì í sábà bàjẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́rìn rẹ̀, ìyẹn ibi tí ọ̀pá irin tó ń yí fi ara lé, ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Tí kò bá sí òmíràn nítòsí, adìẹ á sọ ẹ̀rọ di ibùsùn. Èrò tèmi ni pé kápẹ́ńtà abúlé lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan á ní, "Igi kẹ̀? Ṣé a ò tíì kúrò ńbẹ̀ ni?" Ẹ gbọ́ ná. USS Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tó lo agbára átọ́míìkì, wọ omi ní 1954. Igi lignum vitae, tó ń hù ní Kúbà àti Jàmáíkà, wà lára bẹ́rìn ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ náà. Igi yìí ní oje tó ń yọ̀ bí òróró nínú ara rẹ̀.

Igi líle tiwa, bí apá, kò ní tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ a lè fún un. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá sè é nínú òróró ẹ̀pà, níta gbangba, kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Tí òróró bá gbóná ju 100°C lọ, omi tó kù nínú igi á máa hó jáde. Tí híhó náà bá rọlẹ̀, ẹ pa iná, ẹ má yọ igi. Bó ṣe ń tutù ló ń fa òróró mu. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lu ihò rẹ̀, torí igi máa ń súnkì. Òróró yẹn ni kò ní jẹ́ kí igi àti irin máa ha ara wọn.

Ẹ má lo òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí ẹ̀rọ oúnjẹ o. Ẹ má sì fi igi sínú ẹ̀rọ gaàrí tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré, ìgbóná á jó o. Ọmọlanke àti ẹ̀rọ àfọwọ́yí ni tiẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Fún ẹ̀rọ tó ń yí jẹ́jẹ́, igi kì í ṣe òòbẹ̀, àdán gan-an ni. Ẹ̀yin tó ń rọ ẹ̀rọ fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bóòtù méjì péré de bẹ́rìn, kí kápẹ́ńtà lè tú u, kó wọ̀n ọ́n, kó gbẹ́ òmíràn. Ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ kò lè tún ṣe lábúlé, gbèsè ni.