Òdòdó Jogbo ní Pedro

Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù kẹwàá dé oṣù kejìlá, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ yóò rí òdòdó kan lẹ́bàá títì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn pípọ́n. Jogbo ni àwọn kan ń pè é nítorí kíkorò ewé rẹ̀. Apá Mẹ́síkò ni ó ti wá.

Ní Pedro wa yìí, bí ó bá hù lẹ́bàá ògiri, àdá ni à ń fà yọ sí i. Èmi kò fi ọwọ́ sí i. Nígbà tí òdòdó mìíràn bá wọ́n, lára rẹ̀ ni oyin ti ń jẹun. Kí ẹni tí ó gbin elégédé sí ẹ̀yìnkùlé mọ̀ pé bí oyin kò bá gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ sára abo, kò ní so.

Àgbẹ̀ lè bi mí pé, “Tíṣà, ǹjẹ́ ẹ ti ro oko tí jogbo gbà rí?” Òótọ́ ni, bí a gé e, a tún rú, hóró rẹ̀ a sì fọ́n káàkiri. Ẹ má gbìn ín sí etí oko. Ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ wo ni yóò gbà ní Pedro? Kí a ṣáà gé e kí hóró rẹ̀ tó gbẹ, kí a kó ewé rẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́. Kíákíá ni ó ń jẹrà, àwọn àgbẹ̀ Kẹ́ńyà a sì máa fi ṣe ajílẹ̀.