Ìyà Kan Náà, Gbà-má-bínú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ kàtídírà Kátólíìkì tó wà ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, láàárín ọdún 1934 sí 1936. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n ń pè ní Fadá Aláṣọ Funfun ló dá míṣọ́n ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1901. Bó sì ṣe máa ń rí nílẹ̀ míṣọ́n, ilẹ̀, ilé ìjọsìn, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni ìjọ máa ń ní. Owó gidi kì í pọ̀ lọ́wọ́. Tí ìdílé kan níbẹ̀ bá wá gbọ́ lórí rédíò pé dáyósíìsì kan ní Amẹ́ríkà ti wọko gbèsè nítorí àwọn àlùfáà tó bá ọmọdé ṣèṣekúṣe, ó yẹ kí wọ́n béèrè pé: báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń wọko gbèsè, ta ló sì ń rí owó gbà?

Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni dáyósíìsì àkọ́kọ́ tó lọ sílé ẹjọ́ àwọn onígbèsè, ní July 2004. Àwọn tó ti tẹ̀ lé e ti lé ní 30. Wọn ò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa o. Máàsì ń lọ, fadá ń gba owó oṣù. Àmọ́ gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n pe dáyósíìsì náà á dúró sójú kan, adájọ́ á sì dá ọjọ́ tí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé wá. Ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù. Lẹ́yìn náà, dáyósíìsì àtàwọn iléeṣẹ́ adójútòfò á dáwó jọ sínú àpò kan, wọ́n á sì pín in.

Àwọn tó fara mọ́ ètò yìí sọ pé láìsí i, ẹni tó kọ́kọ́ jàre ní kóòtù lè kó gbogbo owó lọ, kí ẹni tó kẹ́yìn má rí kọ́bọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe owó nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe níkà ń wá. Wọ́n fẹ́ dúró níwájú adájọ́, kí wọ́n sọ ohun tójú wọn rí, kí bíṣọ́ọ̀bù sì sọ ohun tó mọ̀ àti ìgbà tó mọ̀ ọ́n. Ilé ẹjọ́ àwọn onígbèsè kì í sábà fún wọn láyè yẹn. Ẹni tí wọ́n bayé rẹ̀ jẹ́ lọ́mọdé á wá dà bí ẹni tó ta sìmẹ́ǹtì láwìn fún ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá ń béèrè owó rẹ̀.

Èló wá ni wọ́n ń rí gbà? Rockville Centre, nítòsí ìlú New York, gbà lọ́dún 2024 láti san mílíọ̀nù 323 dọ́là fún nǹkan bí 600 èèyàn. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó ju 500,000 dọ́là lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dáyósíìsì Fairbanks ní Alaska lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2008. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n rí kó jọ fún nǹkan bí 300 èèyàn: kò tó 35,000 fún ẹnì kan, kí lọ́yà tó yọ tiẹ̀. Ìyà tó jẹ wọ́n kọ́ ló yàtọ̀. Àpò ìjọ ló yàtọ̀.

Yìnyín ló wà ní Fairbanks, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń bá Ouagadougou fínra, àmọ́ ilẹ̀ míṣọ́n ni méjèèjì. Ọ̀pọ̀ abúlé Alaska ni mọ́tò ò dé. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Níbi tó jẹ́ pé fadá tó wá látòkèèrè ni gbogbo abúlé ń wò lójú, ta ni ọmọdé fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Àwọn Jésúìtì ló rán ọ̀pọ̀ àlùfáà lọ síbẹ̀, ẹ̀ka wọn ní Oregon náà sì wọko gbèsè lọ́dún 2009. Lọ́dún 2011, wọ́n gbà pé mílíọ̀nù 166 dọ́là máa lọ fún nǹkan bí 500 èèyàn. Ẹ ò rí i pé àpò ẹni tó rán àlùfáà níṣẹ́ lè wúwo ju ti dáyósíìsì tó gbà á lálejò lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Donald Kettler ti Fairbanks tún lọ káàkiri àwọn abúlé náà láti tọrọ àforíjì lójúkojú, torí pé ó wà lára ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí.

Kò sí dáyósíìsì kankan ní Burkina Faso tó tíì lọ sírú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lè ní owó wà ní Ouagadougou ṣá. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni Póòpù John Paul Kejì ti bẹ gbogbo ayé ní May 1980 pé kí wọ́n ṣàánú Sahel, àjọ tó sì dá sílẹ̀ nítorí ẹ̀ lọ́dún 1984 ṣì wà nílùú náà. Àmọ́ owó ọ̀dá nìyẹn, kì í ṣe ti dáyósíìsì.

Ohun tó ti kan Ouagadougou báyìí ni òfin tí Póòpù Francis ṣe lọ́dún 2019, tó ní kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan, kó tó di June 2020, ní ọ̀nà kan tí gbogbo ará ìlú lè gbà fẹjọ́ sùn. Òfin náà ò dárúkọ iye owó kankan. Àmọ́ ó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún ẹni tó fẹjọ́ sùn pé kó panu mọ́.