Kí Adìẹ Sísun Jinná Dé Eegun

Ìyàwó ilé kan tí ó ń gbé ní Ìgàndò kọ̀wé sí wa nípa àkùkọ kékeré kan tí ó sun fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ra àkùkọ náà láàyè ní ọjà Ìkòtún, ó fi ata àti kúlíkúlí ra á lára, ó sì gbé e ka orí àdògán. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, awọ rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Nígbà tí Màmá fa itan rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ yọ. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rọra sún àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn ti yó. Láti ọjọ́ náà, adìẹ tí wọ́n ń sun lẹ́bàá títì ní Ẹ̀gbẹ́dá ni ọkọ ń rà wálé, arábìnrin wa sì ń bèèrè ohun tí àwọn tí ń sun ún níbẹ̀ mọ̀ tí òun kò mọ̀.

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin. Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kúlíkúlí kì í bá adìẹ tútù wọ iná pa pọ̀. Ẹ̀pà àti ata gbígbẹ a máa jóná ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí itan adìẹ ń fẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ. Bí ẹ bá dúró de itan, ata á di eérú. Bí ẹ bá ṣàánú ata, itan á wà ní tútù. Àwọn Háúsá tí ń sun súyà a máa fi yàjì ra ẹran kí wọ́n tó gbé e síná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni tiwọn.

Láti ọjà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ṣóńṣó eegun àyà adìẹ náà: bí ó bá rọ̀, tí ó sì tẹ̀, ọmọdé ni, bí ó bá le bí igi, ìkòkò ọbẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Àgbà adìẹ tí ó ti yé ẹyin títí, tí àwọn olóko wá ń tà ní ọ̀pọ̀, kò ṣeé sun, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dùn mọ́ni tó. Èyí tí kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹyẹ kékeré tí àwọn kan ń tà lórúkọ àparò kì í ṣe àparò inú oko wa rárá. Ìran ti Japan ni, ọdún 1992 ni ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko tí ó wà ní Vom sì mú un wọ Nàìjíríà. Òun náà dùn ní sísun, kò sì nílò pé kí a kọ́kọ́ bọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá ti bá yín pa adìẹ, tí wọ́n sì tu ìyẹ́ rẹ̀, ẹ là á láti ẹ̀yìn, láti ọrùn dé ìdí, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú abọ́ ni kí ẹ ti rọra fọ̀ ọ́, kì í ṣe lábẹ́ omi ẹ̀rọ tí ń tú yàà, nítorí omi tí ó bá ta láti ara adìẹ tútù a máa gbé kòkòrò àrùn Salmonella dé ara ọ̀bẹ, tábìlì àti ẹ̀fọ́. Kòkòrò yìí ni ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ara ọmọ ọwọ́ kì í sì í lè gbà á.

Ẹ fi iyọ̀, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti táìmù pa á lára fún ìdajì wákàtí. Ẹ bu omi ife kan sí i, ẹ dé ìkòkò, ẹ bọ̀ ọ́ lórí iná jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Láti inú ìkòkò, tààrà sórí ẹ̀yinná ni. Ẹ má ṣe bọ̀ ọ́ lábọ̀ọ̀jinná ní alẹ́ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí inú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i.

Kí eérú funfun ti bo èédú kí ẹ tó gbé àwọ̀n irin lé e. Ẹ kọ́kọ́ dojú inú adìẹ kọ iná fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ẹ yí awọ sísàlẹ̀ títí yóò fi pọ́n. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ibi tí itan ti so mọ́ ara: omi tí ó yọ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, ẹran ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pupa. Ẹni tí ó bá ní òṣùwọ̀n ooru, ìwọ̀n 74 ti Celsius ni kí ó rí níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọ̀ eegun nìkan dẹ́rù bà yín, nítorí eegun ọmọdé adìẹ a máa dúdú nígbà mìíràn bí ó tilẹ̀ jinná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan, mo bẹ̀ yín, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, ẹ má ṣe gbé àdògán wọlé. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú oorun. Ẹni tí ó bá ní ààrò gáàsì lè fi adìẹ tí a ti bọ̀ sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n 200 fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n.

Nísinsìnyí ni ó kan ata. Ẹ gún kúlíkúlí ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ po ó pọ̀ mọ́ ata gbígbẹ ṣíbí kékeré méjì, ìyèré díẹ̀, àlùbọ́sà kékeré kan tí a rin, òróró ẹ̀pà ṣíbí ńlá méjì, àti omi tí a fi bọ adìẹ, títí yóò fi ki. Ẹ yí awọ adìẹ sókè, ẹ sún un kúrò níbi tí iná ti le, ẹ tẹ́ ata náà lé e lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ fi itan kan sílẹ̀ láìláta fún àwọn ọmọ. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, tàtàsé àti àlùbọ́sà tí a dín gbẹ ni kí ẹ fi ṣe tirẹ̀. Omi ìkòkò tí ó ṣẹ́ kù, ẹ fi se ìrẹsì.

Arábìnrin wa ti Ìgàndò, ẹ kọ́kọ́ sun ọ̀kan fún ọkọ yín ní ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá jẹ ẹ́ dé eegun, ẹ ránṣẹ́ pe Màmá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí ẹ sì tọ́jú iwe adìẹ náà fún wọn, bí ọkọ yín tilẹ̀ ń kùn.